Máṣíìnì Bàbá Àgbà Tí Kì Í Tètè Dúró

Láfún ni mo wa máṣíìnì kó sí. Ìyá kan sá a sí etí títì, lọ́nà Tákìé ní Ògbómọ̀ṣọ́, lórí tapólì búlúù, oòrùn ọ̀sán sì ń pa á lọ́wọ́. Ewúrẹ́ kan ló já wọ títì. Ojú ẹsẹ̀ tí mo rí i ni mo ti fa bíréèkì ọwọ́, mo fà á títí tí irin bíréèkì fi kan hándù. Máṣíìnì ń dín eré kù o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, àmọ́ ó ń ṣe bí àlejò tó ti yó tó ń sọ pé òun fẹ́ máa lọ: ó ti ń dìde láti àárọ̀, kò tíì dìde. Ni mo bá fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ ohun tí mo pè ní bíréèkì ẹ̀yìn. Gíà ni mo tẹ̀. Ewúrẹ́ kọjá ní tirẹ̀, èmi àti táyà iwájú wọ inú láfún.

“Tíṣà, ẹ pẹ̀lẹ́ o,” ni ìyá náà wí. Ó wo máṣíìnì, ó wò mí. “Kò ní bíréèkì ni?”

“Ó ní i, Ìyá.”

“Níbo?”

Mo sanwó láfún. Èyí tó ti lẹ̀ mọ́ táyà ni mo rù lọ sílé fún adìẹ. Ìbéèrè ìyá yẹn sì bá mi délé, ó bá mi sùn.

BSA ni máṣíìnì náà, irú tí wọ́n ń pè ní B31. Birmingham ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é wà, ìbọn ni wọ́n sì ń rọ kí wọ́n tó dé ìdí alùpùpù. Ìdí nìyẹn tí àmì wọn fi jẹ́ ìbọn mẹ́ta tí wọ́n gbé fara ti ara wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe B31 lọ́dún 1945, wọ́n sì ṣe é títí di 1959. Sìlíńdà kan ṣoṣo, 348cc, gíà mẹ́rin. Tí ẹ bá gbọ́ bó ṣe ń dún nígbà tó bá dúró sójú kan, ẹ ó mọ̀ pé irú rẹ̀ lẹni tó kọ́kọ́ sọ nǹkan yìí ní alùpùpù gbọ́. Bajaj kì í lu pùpù. Bajaj ń kùn ni.

Bàbá tó bí bàbá mi ló rà á ní Kùmásì, láyé ìgbà tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ ní Gáánà bí ẹni pé àdúgbò wa kan ló wà níbẹ̀. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba ibẹ̀ ní kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù rẹ̀ kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣọ́ọ̀bù kò ṣeé gbé. Gbèsè tí àwọn èèyàn jẹ wọ́n kò ṣeé gbé. Máṣíìnì ṣeé gbé. Wọ́n gbé e sẹ́yìn lọ́rì, wọ́n fi ẹní àti àpò aṣọ há a, wọ́n sì bá a dé Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí Nàìjíríà ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá òsì títì bọ́ sápá ọ̀tún, lọ́jọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, Bàbá Àgbà náà yà sápá ọ̀tún. Máṣíìnì nìkan ni kò yí padà: gíà rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, bíréèkì ẹ̀yìn wà lẹ́sẹ̀ òsì, òdì kejì ohun tí ẹsẹ̀ gbogbo wa ti mọ̀ lára Bajaj àti Honda. Ohun tó sọ mí sínú láfún nìyẹn.

Wọ́n máa ń sọ ọ́ nílé wa pé Bàbá Àgbà kì í sáré lórí máṣíìnì, pé sùúrù wọn ló pọ̀. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé kì í ṣe sùúrù. Bàbá mọ ohun tí wọ́n ń gùn ni. Tí wọ́n bá ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́, tí wọ́n fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ síbi afárá Odò Ọbà, òkè lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń já gíà sílẹ̀. “Máṣíìnì yìí,” wọ́n máa ń wí, “ibi tó o bá fẹ́ dúró sí lónìí, àná ni kó o ti fa bíréèkì.”

Gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ láfún ló ní oògùn fún mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n gé fọ́ọ̀kì iwájú dànù, kí n ra ti Honda tó ní díìsì, ìyẹn bíréèkì onírin pẹlẹbẹ tó wà níta gbangba, ní pàǹtí, kí wẹ́dà bá mi jó o mọ́ ọn. Wẹ́dà fúnra rẹ̀ ti gbé góńgò rẹ̀ wọ̀ kí n tó dáhùn. Mo kọ̀. Ẹ ò ní pé olórí kunkun ni mí. Bajaj Boxer tí àwọn ọlọ́kadà fi ń gbé èèyàn mẹ́ta àti àpò gàrí kan, bíréèkì dọ́ọ̀mù, irú tí tèmi ní, ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, ó sì ń dúró. Lóòótọ́, BSA wúwo jù ú lọ, ó ju 150 kílò lọ kí èèyàn tó gùn ún. Síbẹ̀, tí dọ́ọ̀mù Bajaj bá lè ṣe é, ó yẹ kí n kọ́kọ́ bi dọ́ọ̀mù tèmi ní ohun tó ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ tíṣà díẹ̀. Nínú họ́ọ̀bù, ìyẹn àárín táyà iwájú, ìkòkò irin kan wà tó ń bá táyà yí. Dọ́ọ̀mù nìyẹn, ti B31 tèmi, íǹṣì méje ni láti etí dé etí. Inú rẹ̀ ni bàtà irin méjì wà, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní bíréèkì ṣúù, aṣọ líle kan sì wà lẹ́yìn wọn, láìníìnì. Orí kan bàtà méjèèjì jókòó ti òpó kékeré tí kì í kúrò lójú kan. Àárín orí kejì ni kámù wà: tí wáyà bá fà á, á yí, á ti àwọn bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á sì fara gbo dọ́ọ̀mù. Àmọ́ bàtà méjèèjì kì í ṣiṣẹ́ bákan náà. Dọ́ọ̀mù tó ń yí máa ń fa ọ̀kan mọ́ra, bí ìgbà tí èèyàn ń ti ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ sì ń bá a tì í: agbára tó lò kò tó nǹkan, ilẹ̀kùn sì pa gbà. Ìkejì dojú kọ afẹ́fẹ́ ní tirẹ̀. Bí kámù ṣe ń tì í síta ni dọ́ọ̀mù ń tì í padà sílé, iṣẹ́ tó ń ṣe kò sì tó ìdajì ti ìkíní.

Àwọn òyìnbó tó ṣe é náà mọ̀. Nígbà tó di 1968, BSA àti Triumph, ilé iṣẹ́ alùpùpù mìíràn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé bíréèkì mìíràn sára àwọn máṣíìnì ńlá wọn: íǹṣì mẹ́jọ, kámù méjì, tí bàtà méjèèjì fi ń rí afẹ́fẹ́ tó ń bá wọn tì í. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Honda gbé alùpùpù CB750 jáde pẹ̀lú díìsì níwájú, ọ̀rọ̀ sì di ti àwọn ará Japan.

Ẹni tó bá mi tú tèmi ni bàbá kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Rìpíà. Ojú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, àmọ́ ọwọ́ wọn ń ríran. Bí a ṣe ṣí dọ́ọ̀mù báyìí, eruku dúdú ló kún inú rẹ̀. Bàbá gbé e sókè, wọ́n fẹ́ẹ́ fi ẹnu fẹ́ ẹ. Mo kígbe, mo sì di ọwọ́ wọn mú. Mo tún dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn náà. Láìníìnì ayé àtijọ́, asbestos, èròjà inú òkúta tó dà bí òwú, ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin dè é pátápátá lọ́dún 1999, nítorí pé eruku rẹ̀ tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró kì í jáde, ó sì lè dá àrùn jẹjẹrẹ sílẹ̀ níbẹ̀. Omi ni kí ẹ fi rin ín, kí ẹ fi àkísà tútù nù ún, kí ẹ sì sin àkísà náà. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọṣẹ́ gbé kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ sún mọ́ ọn.

“Mo ti ń fẹ́ ẹ láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ogún ọdún,” ni Bàbá wí. Wọn ò sọ nǹkan mìíràn, àmọ́ wọ́n gba àkísà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí bóyá mo ní ṣọ́ọ̀kì. Tíṣà ni mí, àpò mi kì í gbẹ ṣọ́ọ̀kì. Wọ́n fi kun gbogbo inú dọ́ọ̀mù bí ẹni ń kun ilé, wọ́n dá àwọn bàtà padà, wọ́n yí táyà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì rọra fa bíréèkì. Nígbà tí a tún un ṣí, funfun yẹ kó ti lẹ̀ mọ́ láìníìnì láti orí dé ìdí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lára bàtà kan, funfun náà kò ju ìka méjì lọ ní fífẹ̀, ní góńgó orí. Lára ìkejì, àárín nìkan ló kàn, bí ìlà àtíkè lọ́rùn ìyàwó. Ìyókù ń dán bíi dígí, dúdú mìnìjọ̀, kò kan nǹkan kan rí láti ọdún gbọọrọ.

Bàbá fi ìka tọ́ funfun náà. “Tíṣà, bíréèkì rẹ kò kú. Kò kan ibì kan ni.”

Ìgbà yẹn ni mo ṣíwọ́ wíwá ohun tí mo máa rà. Bàtà tí kò bá ẹsẹ̀ mu, kò sí bí a ṣe fa okùn rẹ̀ le tó, kò ní di rírìn. Mo ti ń fi gbogbo ọwọ́ fa wáyà látọjọ́ yìí, ìka mẹ́ta pere láìníìnì ló ń gba gbogbo rẹ̀.

Dọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ kò ṣe róbótó mọ́. Sípókù ogójì tó so ríìmù mọ́ họ́ọ̀bù ló ń fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún, ọdún sì ti pọ̀. Tí mo bá rọra fa bíréèkì, mo máa ń gbọ́ ọ lọ́wọ́: ó dì, ó tú, ó dì, ó tú. Ibí yìí ni owó mi ti ṣòfò. Tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ fá irin, tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá, mi ò ní sọ ibi tó wà, ní kò sí bí òun ṣe lè fá inú dọ́ọ̀mù láìtú sípókù kúrò, pé ríìmù kò ní gba orí ẹ̀rọ òun. Mo ní kó má tú u. Ó ní ṣé èmi ni màá kọ́ òun níṣẹ́ òun ni. Ó tú u, ó fá a, dọ́ọ̀mù wá ṣe róbótó bí òṣùpá. Lẹ́yìn náà wọ́n tún sípókù so, wọ́n fún un le, sípókù sì tún fa dọ́ọ̀mù padà sí bó ṣe wà. Ó dì, ó tú. Nígbà tí mo padà lọ bá a, ó ní ọ̀nà ni kò dáa, kì í ṣe dọ́ọ̀mù.

Ẹ̀kejì ni mo ti gbọ́n. Mo wá ẹni tó ń fá dọ́ọ̀mù lọ́rì, tí ẹ̀rọ rẹ̀ fẹnu sílẹ̀ tó láti gba odindi táyà tòun ti sípókù, táyà rọ́bà nìkan ni a yọ. Ìdajì mìlímítà ni ó fá kúrò. Mo dúró tì í. Ẹnu ọ̀bẹ ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ ń fọwọ́ kan apá kan ṣoṣo, ṣíì, ó dákẹ́, ṣíì, ó dákẹ́. Bó ṣe ń wọlé sí i, ìdákẹ́ náà ń kúrú, títí tí gbogbo rẹ̀ fi di ṣíííì kan ṣoṣo tí kò já. Mo ti gbọ́ orin tó dùn, àmọ́ ẹ jẹ́ kó mọ bẹ́ẹ̀.

Láìníìnì ló kàn. Àwọn tó ń kan láìníìnì mọ́ bàtà lọ́rì kò ṣòro rí, wọ́n ní òòlù, wọ́n ní ìṣó kọ́pà. Àmọ́ láìníìnì lọ́rì le jù. Ẹrù tọ́ọ̀nù ogún ni wọ́n ṣe é fún. Ó fẹ́ kí nǹkan kọ́kọ́ gbóná gidi kó tó dìmú, èmi kì í sì wa máṣíìnì débi tó fi máa gbóná bẹ́ẹ̀. Èyí tó rọ̀, tí wọ́n hun bí aṣọ, ni máṣíìnì àtijọ́ fẹ́. Yóò tètè jẹ, ó dáa bẹ́ẹ̀, láìníìnì ló yẹ kó jẹ, kì í ṣe dọ́ọ̀mù. Ó tún ní láti nípọn díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé inú dọ́ọ̀mù ti fẹ̀ sí i. A kan orí ìṣó kọ́pà wọlé jìnnà kí ó má baà ha irin.

Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń fò nìyí: tí ẹ bá kan láìníìnì tuntun tán, ẹ má tíì dì í padà. Àwọn bàtà náà ní láti lọ sórí ẹ̀rọ tọ́nà, kí wọ́n jókòó sórí púléètì tiwọn gan-an, irin pẹlẹbẹ tó gbé wọn dúró, kí tọ́nà fá ẹ̀yìn wọn títí tí yíyí wọn yóò fi bá ti dọ́ọ̀mù mu, kó kéré sí i díẹ̀ báyìí. Tọ́nà ẹlẹ́ẹ̀kejì ṣe é. Nígbà tí a tún kun ṣọ́ọ̀kì, funfun lẹ̀ mọ́ bàtà méjèèjì láti orí títí fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdí. Bàbá Rìpíà fi àtàǹpàkò nù ún, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́.

Wáyà kò gba ọjọ́ púpọ̀. Wáyà kẹ̀kẹ́ ni ẹnì kan ti fi sí i nígbà kan, tínrín ni, ìbòrí rẹ̀ sì ń rún pọ̀ bí àpò tí a bá fà á, bẹ́ẹ̀ ìdajì agbára ọwọ́ mi ń parí sínú ìbòrí. A fi èyí tó nípọn sí i. Irin kékeré tí wáyà ń fà nísàlẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́: nígbà tí bíréèkì bá dìmú, òun àti wáyà gbọ́dọ̀ ṣe igun 90. Tí láìníìnì bá ti jẹ, irin náà á ti kọjá igun yẹn, á máa rìn, kò ní máa tì. Tèmi ti kọjá rẹ̀ púpọ̀. Láìníìnì tuntun ló dá a padà sípò.

Ìkẹyìn, kí a tó fún irin àárín táyà pa, Bàbá ní kí n fa bíréèkì kí n má fi sílẹ̀, kí bàtà méjèèjì fúnra wọn wá àárín dọ́ọ̀mù. Wọ́n wá fún un pa bí mo ṣe ń fà á. Ìṣẹ́jú kan péré ni. Mo rò pé ó tó ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo àtúnṣe náà.

Pápá ìdárayá ilé ìwé ni mo ti wọ̀n ọ́n. Máìlì ni Smiths, aago eré orí hándù, ń kà. Ní eré máìlì 25 ní wákàtí kan, kí n tó tún un ṣe, ìṣísẹ̀ 31 ni kó tó dúró. Lẹ́yìn rẹ̀, 17. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ló kà á, wọ́n sì jà lórí èyí tó kẹ́yìn, àwọn kan ní 16 ni.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ìlú Ọba ti fi púléètì oníkámù méjì ránṣẹ́ sí mi nígbà náà, pé òun ò fẹ́ gbọ́ òkú mi. Owó gọbọi. Mo dè é, ọjọ́ márùn-ún ni mo fi tún ọ̀pá tó so kámù méjèèjì pọ̀ ṣe, nítorí pé tí ọ̀kan bá ṣáájú ìkejì, ẹ kúkú ti padà sí ti oníkámù kan. Nígbà tó bọ́ sí i, ìka méjì ni mo fi ń fà á. Mo fẹ́ràn rẹ̀ títí di ọjọ́ tí tírélà dí ọ̀nà lórí òkè kan, tí gbogbo wa tò dúró. Mo fa bíréèkì ọwọ́, mo dúró, mo ń wo iwájú. Díẹ̀díẹ̀ ni iwájú ń jìnnà sí mi. Máṣíìnì ń yí padà sẹ́yìn! Tí táyà bá ń yí sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ tó ń bá bàtà méjèèjì tì í tẹ́lẹ̀ ti di ọ̀tá àwọn méjèèjì nìyẹn. Ọlọ́kadà tó wà lẹ́yìn mi ló kígbe, “Alàgbà, ẹ rọra, ẹ ń bọ̀ lára mi!” Kí ẹsẹ̀ òsì mi tó rántí pé òun ló ni bíréèkì ẹ̀yìn, mo ti kàn án.

Púléètì náà wà nínú páálí báyìí. Tí mo bá ń lọ sí Ìlọrin, níbi tí tírélà pọ̀ sí, màá dè é padà, mi ò bá púléètì jà. Ní ìgboro Ògbómọ̀ṣọ́, ti Bàbá Àgbà ló wà níbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gba Tákìé. Tapólì búlúù wà níbẹ̀, láfún wà lórí rẹ̀. Ìyá náà gbọ́ pùpùpù kó tó rí mi, ó sì ti dìde. Mo mọ̀ọ́mọ̀ gun máṣíìnì bọ̀ dáadáa, mo fa bíréèkì, táyà dúró, ó ku bí apá kan kí n dé etí tapólì. Kò fì, kò yọ̀.

“Ìyá, ẹ kú ọjà. Ẹ wò ó, ó ti ní bíréèkì.”

“Mo rí i, Tíṣà. Ọlọ́run ṣeun.”

Ó dì mọ́ etí tapólì rẹ̀, ó wọ́ ọ sẹ́yìn títí tó fi kan ògiri.